Orí Keje: Bí Ojú Mẹ́tààlì Ṣe Ń Darí Jíjá Ìdè Háídrókábọ́ọ̀nù

7.1 Epo àti gáàsì ẹ̀bá ọ̀nà Badagry

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní pápá epo Aje, nínú òkun tó kọjú sí Badagry, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní OML 113. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka Ìpínlẹ̀ Èkó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọkọ̀ láti Ìyánà-Ìbà wá sí Ìjánikin kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀, torí pé àárín omi ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kò hàn sí ojú: ó gbéra ní Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba abẹ́ ilẹ̀ dé etíkun Badagry, ó wá wọ inú òkun lọ sí Cotonou, Lomé, Tema àti Takoradi.

Ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀pá yẹn ni methane, CH₄. Kábọ́ọ̀nù kan, háídrójìn mẹ́rin, ó tán. Epo rọ̀bì yàtọ̀ sí i. Nínú epo rọ̀bì, kábọ́ọ̀nù márùn-ún, mẹ́wàá, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè so mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n. Iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ń sọ bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ gáàsì ìdáná, epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, dísù tàbí ọ̀dà títì. Ẹni tó bá lè já ẹ̀wọ̀n náà níbi tó wù ú ti ní agbára ńlá lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n náà bá já mọ́ lọ́wọ́ níbi tí kò fẹ́ ti pàdánù nìyẹn.

Orí yìí dá lórí ìyípadà kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní hydrogenolysis: kí háídrójìn já ìdè tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù méjì, kí ó sì bo ojú ibi tó já náà. Mẹ́tààlì ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú orí yìí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rántí òǹkà kankan, ni pé mímọ irú mẹ́tààlì tó wà níbẹ̀ kò tó. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe dúró ti ara wọn lójú ibẹ̀, ó kéré tán, ṣe pàtàkì tó orúkọ mẹ́tààlì náà.

7.2 Ìdè tí kò fẹ́ já

A ó fi ethane, C₂H₆, bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ni háídrókábọ́ọ̀nù tó kéré jù tó ní ìdè kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù. Ìyípadà rẹ̀ nìyí:

C₂H₆ + H₂ → 2CH₄

Ìyípadà yìí ń tú ooru jáde, nǹkan bí 65 kílójúùlù fún móòlù ethane kan. Lórí ìwé, ó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro ethane àti háídrójìn pọ̀ sínú ìgò, tí ẹ dé e, tí ẹ gbé e sórí pẹpẹ, ọdún á gorí ọdún, ethane á ṣì jẹ́ ethane. Ohun tó ń dá a dúró ni pé ìdè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já kí ìdè tuntun tó so. Láti já ìdè C–C nínú ethane, ó gba nǹkan bí 377 kílójúùlù fún móòlù kan. Ti C–H gba nǹkan bí 420.

Ẹ wo òǹkà méjèèjì yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ìdájọ́ á ní C–C ni yóò kọ́kọ́ já, torí òun ló rọrùn jù. Lójú mẹ́tààlì, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: C–H ló ń kọ́kọ́ já, C–C ń tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé háídrójìn mẹ́fà ló yí kábọ́ọ̀nù méjèèjì ká. Mẹ́tààlì kò lè fọwọ́ kan kábọ́ọ̀nù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mú háídrójìn kúrò lọ́nà.

7.3 Mólékù kan lójú níkẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ mólékù ethane kan ṣoṣo tó balẹ̀ sójú níkẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí 180 digirii Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Níkẹ́ẹ̀lì gba háídrójìn kan lára rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó pàdánù háídrójìn yẹn kò lè wà bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di nǹkan mú, ó sì di níkẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mú. Níkẹ́ẹ̀lì tún gba háídrójìn mìíràn, àti òmíràn. Bí háídrójìn ṣe ń dín kù ni kábọ́ọ̀nù méjèèjì ń sún mọ́ ojú mẹ́tààlì, títí wọ́n á fi dùbúlẹ̀ lé e pátápátá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì di átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìdè C–C ti rọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kábọ́ọ̀nù kan ń bá èkejì pín tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ níkẹ́ẹ̀lì. Ìdè náà já. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wá ń kó háídrójìn jọ lójú mẹ́tààlì, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi pé mẹ́rin. Ó di methane, ó fò lọ, ààyè ṣí sílẹ̀ fún mólékù tó kàn.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ó sì tọ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Háídrójìn wà lára ohun tí ìyípadà náà ń lò. A retí pé bí a bá fi kún un, iṣẹ́ á yá sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wọn ìyára rẹ̀ kọ ọ́ báyìí:

r = k × P(ethane)ⁿ × P(háídrójìn)ᵐ

Lójú níkẹ́ẹ̀lì, n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1, ṣùgbọ́n m wà ní nǹkan bí –2.4. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá sọ ìfúnpá háídrójìn di ìlọ́po méjì, ìyára á lọ sílẹ̀ sí 2 tí a gbé sí agbára –2.4, ìyẹn 0.19: ó rẹlẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun méjì ló fà á. Háídrójìn tó pọ̀ ń gba ààyè lójú mẹ́tààlì mọ́ ethane lọ́wọ́. Ó tún ń padà sára àwọn mólékù tí níkẹ́ẹ̀lì ti bọ́ háídrójìn kúrò lára wọn, ó ń sọ wọ́n di ethane padà kí ìdè C–C wọn tó ráyè já.

Ṣé ká wá yọ háídrójìn kúrò pátápátá ni? Rárá o. Bí kò bá sí háídrójìn, kábọ́ọ̀nù tí a ti bọ́ láṣọ kò ní rí ohun tí yóò fi bora. Á máa so mọ́ ara rẹ̀, á di èédú, èédú á bo ojú mẹ́tààlì, iṣẹ́ á parí. Ìwọ̀n háídrójìn jẹ́ nǹkan tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọpo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ tọ̀sán-tòru.

7.4 Mẹ́tààlì ju mẹ́tààlì lọ

Láti bíi ọdún 1960 síwájú, John Sinfelt, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwádìí ilé iṣẹ́ epo Esso ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, fi ethane yìí kan náà dán mẹ́tààlì púpọ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni bó ṣe fara balẹ̀ wọn nǹkan kó tó fi wọ́n wéra. Gíráàmù kan plátínọ́ọ̀mù àti gíráàmù kan níkẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fi wéra lásán, torí átọ́ọ̀mù tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ṣiṣẹ́ kankan, èyí tó wà lójú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí mẹ́tààlì náà gba háídrójìn sójú ní ìwọ̀n ooru kékeré. Níwọ̀n bí átọ́ọ̀mù háídrójìn kan ti sábà máa ń bá átọ́ọ̀mù mẹ́tààlì kan lọ, iye háídrójìn tó gbà ni iye átọ́ọ̀mù tó wà lójú. Iye yìí ni wọ́n wá fi ń pín ìyára ìyípadà náà.

Àbájáde rẹ̀ fẹjú gan-an. Osmium àti ruthenium ló ń já ìdè C–C jù. Níkẹ́ẹ̀lì lágbára láàárín àwọn mẹ́tààlì olówó pọ́ọ́kú. Palladium àti plátínọ́ọ̀mù lọ́ra. Láti osmium dé plátínọ́ọ̀mù, tí kìkì iridium wà láàárín wọn lórí tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ìyàtọ̀ ìyára ju ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Bàbà ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan.

Kí ló fa ìyàtọ̀ tó tó báyìí? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Paul Sabatier, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí níkẹ́ẹ̀lì àti háídrójìn, ti sọ kókó rẹ̀ ṣáájú. Mẹ́tààlì tí kò bá di mólékù mú dáadáa kò lè bọ́ háídrójìn rẹ̀. Èyí tó bá sì dì í mú jù kò ní jẹ́ kó lọ mọ́, ojú rẹ̀ á kún fọ́fọ́. Èyí tó wà láàárín ló ń yára jù. Ìdímú yìí wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d mẹ́tààlì náà. Ti bàbà ti kún tán, ìdí nìyí tí kò fi nífẹ̀ẹ́ sí ethane.

7.5 Nígbà tí bàbà wọ àárín níkẹ́ẹ̀lì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nìyí, ẹ má ṣe yára kọjá níbẹ̀.

Níkẹ́ẹ̀lì ni ẹ́límẹ́ǹtì 28, bàbà ni 29. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n sì máa ń pò pọ̀ dáadáa. Ní 1972, Sinfelt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Carter àti Yates, gbé èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí àdàpọ̀ mẹ́tààlì méjèèjì yìí jáde. Wọ́n fi ìyípadà méjì dán àdàpọ̀ náà wò. Èkíní ni ethane tí a ti mọ̀, tí C–C gbọ́dọ̀ já nínú rẹ̀. Èkejì ni cyclohexane, C₆H₁₂, tó ń pàdánù háídrójìn mẹ́fà tó sì ń di benzene:

C₆H₁₂ → C₆H₆ + 3H₂

Nínú èkejì yìí, C–H nìkan ló ń já. Òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà náà wà bó ṣe wà.

Bàbà díẹ̀ ṣáá, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n fi sí i, ìyára jíjá ethane sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Cyclohexane kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń fi bàbà kún un, ìyára cyclohexane dúró gbọn-in, àfìgbà tí àdàpọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di bàbà tán kó tó já wálẹ̀.

Ohun méjì ló ṣàlàyé rẹ̀. Àkọ́kọ́, bàbà kì í dúró sínú. Agbára tó ń so átọ́ọ̀mù bàbà mọ́ ara wọn kò tó ti níkẹ́ẹ̀lì, nítorí náà bàbà ló máa ń jáde wá sójú. Bàbà tó jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo àdàpọ̀ lè gba apá tó pọ̀ gan-an ní ojú, níbi tí iṣẹ́ wà.

Èkejì ni kókó orí yìí. Ní etíkun Badagry, ẹni kan lè mú akàn nínú yanrìn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n láti fa àwọ̀n ńlá jáde lókun, àgbájọ ọwọ́ ni, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wà lórí okùn kan náà. Bí ẹ bá fi ẹni tí kò fẹ́ fa okùn sí àárín wọn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọ̀n kò ní jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mú akàn á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Jíjá C–C dà bí fífa àwọ̀n. Ethane gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kí kábọ́ọ̀nù méjèèjì ní níkẹ́ẹ̀lì púpọ̀ lábẹ́, kí níkẹ́ẹ̀lì mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò gba àwọn háídrójìn tó bọ́. Ó nílò agbo níkẹ́ẹ̀lì tí bàbà kankan kò sí láàárín rẹ̀. Gbígba háídrójìn lára cyclohexane kò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

A lè ṣírò rẹ̀. Ká pe ìdá níkẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ní θ. Bí bàbà bá fọ́n káàkiri láìlétò, tí iṣẹ́ kan sì nílò agbo átọ́ọ̀mù N tó jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì nìkan, àǹfààní pé a ó rí irú agbo bẹ́ẹ̀ ni θ tí a gbé sí agbára N. Ká ní bàbà ti gba ìdajì ojú, θ = 0.5. Fún iṣẹ́ tó nílò átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ìdajì ló kù. Fún iṣẹ́ tó nílò agbo 12, a ó ní 0.5 sí agbára 12, èyí tó jẹ́ 1 nínú 4,096. Ẹ fi èyí wé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún tí ìdánwò fi hàn. Ìṣirò yìí rọrùn ju bí ojú mẹ́tààlì ṣe rí gan-an lọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí bí bàbà tí kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀ ṣe lè ba iṣẹ́ kan jẹ́ tí kò sì ní ba èkejì jẹ́.

Àwọn kan tako àlàyé agbo yìí. Wọ́n ní bàbà ń yí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù níkẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padà, pé ìyẹn ló sọ níkẹ́ẹ̀lì di ọ̀lẹ. Ìjiyàn náà pẹ́. Ní tèmi, èrò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìdí tí cyclohexane kò fi fara gbá. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá ti di ọ̀lẹ, ó yẹ kó ya ọ̀lẹ sí iṣẹ́ méjèèjì. Agbo ló gba ipò iwájú níbi ethane.

7.6 Igun, etí àti pẹrẹsẹ

Kò dìgbà tí mẹ́tààlì méjì bá pò kí ojú tó yàtọ̀. Gabor Somorjai ní Yunifásítì California ní Berkeley gé òkúta plátínọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sí oríṣiríṣi ọ̀nà ní àwọn ọdún 1970: òmíràn tẹ́jú pẹrẹsẹ, òmíràn ní àtẹ̀gùn tíntìntín, àtẹ̀gùn ti òmíràn sì ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ibi tó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ yẹn ló ń já C–C jù. Átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ kò ní aládùúgbò púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì di kábọ́ọ̀nù mú gírígírí. Nítorí èyí, ìwọ̀n ẹ̀rún mẹ́tààlì tí a fi ṣe kátálísítì ṣe pàtàkì, torí bí ẹ̀rún ṣe ń kéré sí i ni igun àti etí ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀.

7.7 Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di owó

Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní 22 oṣù Karùn-ún 2023, ni wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́. Dísù àti epo bàálù ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, bẹntiróòlù tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ní irú ilé ìfọpo bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka kan wà tó ń gba naphtha, ìyẹn epo fífúyẹ́ tí kì í jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì ń sọ ọ́ di bẹntiróòlù tó lágbára. Plátínọ́ọ̀mù ló ń ṣe é, ní nǹkan bí 500 digirii. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni heptane:

C₇H₁₆ → C₇H₈ + 4H₂

Heptane ni òdo lórí òṣùwọ̀n octane. Toluene tó dà yẹn kọjá 100. Ṣùgbọ́n bí C–C bá ń já lójú mẹ́tààlì náà:

C₇H₁₆ + 6H₂ → 7CH₄

Èyí ni olè tó wà nínú ilé. Ó jí bẹntiróòlù gbé, ó sọ ọ́ di gáàsì. Ó tún jẹ háídrójìn, háídrójìn tí wọn ì bá fi yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú dísù ní ẹ̀ka mìíràn. Ó tún ń tú ooru tó lè ba kátálísítì jẹ́.

Plátínọ́ọ̀mù gbówó lórí, àmọ́ ẹ ti rí i ní 7.4 pé ó lọ́ra láti já C–C, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe láti gba háídrójìn. Ìdí nìyí tí Vladimir Haensel fi yàn án nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ UOP kọ́kọ́ wọ ilé ìfọpo ní 1949. Èyí tí wọ́n lò kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n fọ́n ọn sórí alumina. Ní òpin àwọn ọdún 1960, rhenium dara pọ̀ mọ́ plátínọ́ọ̀mù, torí ó jẹ́ kí kátálísítì pẹ́. Àmọ́ rhenium fúnra rẹ̀ ń já C–C púpọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó fi naphtha sí i, wọ́n á kọ́kọ́ fi imí-ọjọ́ díẹ̀ kọjá lójú rẹ̀. Imí-ọjọ́ lẹ̀ mọ́ rhenium, ó tú agbo ká. Imí-ọjọ́ tí gbogbo ilé ìfọpo ń sá fún bí àrùn wá di ohun tí wọ́n ń wọ̀n sí i, kín-ún-kín-ún. Lónìí, níbi tí wọ́n ti ń tún kátálísítì ṣe láìdá iṣẹ́ dúró, tánńganran ló wà pẹ̀lú plátínọ́ọ̀mù, tánńganran tí a mọ Jọ́ọ̀sì mọ́. Iṣẹ́ tí bàbà ṣe fún níkẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe.

7.8 Náílọ̀n píọ̀wọ́tà

Ní gbogbo ohun tí a ti ń sọ, a kò fẹ́ kí C–C já. Ibì kan wà tí a fẹ́ kó já, ó sì wà lẹ́sẹ̀ wa. Náílọ̀n píọ̀wọ́tà tó ń dí gọ́tà láti Ọ̀kọ̀kọ̀máíkò dé Badagry jẹ́ polyethylene: ẹ̀wọ̀n C–C tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí háídrójìn bò. Háídrókábọ́ọ̀nù ni. Kò yàtọ̀ sí ethane ju gígùn lọ.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Argonne, Northwestern àti Ames ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rún plátínọ́ọ̀mù tí wọ́n tò sórí strontium titanate já polyethylene ní 300 digirii, ó sì di epo tó ṣeé fi ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Ní 2021, àwọn ti MIT lo ruthenium, ooru tí wọ́n sì lò kéré sí ìyẹn. Ruthenium yára, bí a ti retí láti 7.4, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á di methane. Ohun tí wọ́n ń wá ni ojú mẹ́tààlì tí yóò já ẹ̀wọ̀n náà ní àárín, tí yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀. Owó ruthenium àti plátínọ́ọ̀mù ṣì pọ̀ ju ohun tí a lè fi sẹ́nu iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ní Ọ̀jọ́ lọ. Níkẹ́ẹ̀lì pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá rí bí yóò ṣe to agbo níkẹ́ẹ̀lì tí kò ní kọjá ààlà ti ṣe iṣẹ́ tó tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì fẹ́ kí ẹni náà ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Ìjánikin jáde.

Ìdánrawò

1. Nínú ìyípadà heptane méjèèjì tó wà ní 7.7, mélòó ni móòlù háídrójìn tí ilé ìfọpo ń jèrè nínú àkọ́kọ́, mélòó ló sì ń ná nínú èkejì? Bí móòlù heptane kan bá yà sí ọ̀nà kejì dípò àkọ́kọ́, mélòó lápapọ̀ ni àdánù háídrójìn?

2. Bàbà ti gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún ojú níkẹ́ẹ̀lì kan. Ṣírò ìdá agbo tó kù fún iṣẹ́ tó nílò átọ́ọ̀mù 4, àti fún èyí tó nílò 12. Èwo ló sún mọ́ jíjá ethane?

3. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí wọ́n fi háídrójìn sí i ní ìlọ́po mẹ́ta kí níkẹ́ẹ̀lì lè yára já ethane. Fi m = –2.4 ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

4. Kí ló dé tí a kò fi kátálísítì plátínọ́ọ̀mù àti tánńganran tí ilé ìfọpo ń lò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún náílọ̀n píọ̀wọ́tà? Lo agbo átọ́ọ̀mù nínú ìdáhùn rẹ.